Omi Màlámù Sání Nínú Sinimá Ìjọba

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló máa ń jí wa láàárọ̀ nílé wa ní Niger Street, mi ò ní í pe àkùkọ. Àkùkọ wo? Ìyá Àgbà ti pa àkùkọ ilé yẹn jẹ tán látìgbà Kérésì. Ohùn Màlámù Sání ló ń jí wa. Ilẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ́ bọ̀, á ti dé ẹnu géètì pẹ̀lú garawa omi méjì tó so kọ́ igi èjìká rẹ̀, igi náà á máa dún kíẹ́-kíẹ́, òun náà á na ohùn pé omi ti dé: “Ga ruwa! Ga ruwa o!” Tó bá wọlé, á kí wa láti ojúlé dé ojúlé, á wá da omi sínú ìkòkò amọ̀ Ìyá Àgbà lábẹ́ igi dógóyárò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ariwo yòókù tó ń bẹ̀rẹ̀: ìgbálẹ̀ lórí iyanrìn, ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá mi, rédíò aládùúgbò, àti ẹkún àbúrò mi tí kò fẹ́ kí kànìnkànìn kan ara òun. Kókó, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, là ń mu láàárọ̀, a ó fi kọ́sáí, àkàrà àwọn Hausa, gbè é lẹ́sẹ̀. Ká tó jáde lọ sílé ìwé, Ìyá Àgbà á ti pàṣẹ tó tó àṣẹ ọba.

Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bá ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ reluwé wá sí Kano, bàbá mi náà sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ reluwé, ojú irin ló ń gbé ju inú ilé lọ. Nítorí náà Ìyá Àgbà ló ni ilé, òun ló ni ọ̀rọ̀. Àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Sabon Gari, tó bá fi Yorùbá pè wá, Hausa la fi ń jẹ́ ẹ. Á ní, “Ẹ má fi Hausa yín dín mi lórí o! Ṣé ọmọ ta ni yín?” Ṣùgbọ́n tí Màlámù Sání bá dé, òun gan-an á da Hausa pọ̀ mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni ń po ẹ̀kọ: “Sannu, Màlámù. Àwọn yara ńkọ́, ṣé wọ́n jí dáadáa?” Màlámù á sì fi Yorùbá tó mọ́ kedere dá a lóhùn pé, “Àwọn ọmọ jí, Mama, mo dúpẹ́.” Ó ti pẹ́ tó ti ń pọnmi wá sílé wa débi pé ó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Èèyàn mímọ́ ni. Aṣọ rẹ̀ lè gbó, kì í dọ̀tí. Ó máa ń fi iyanrìn fọ garawa rẹ̀ títí á fi máa dán, ẹnu ẹ̀rọ ìjọba kan tó ń yọ omi dáadáa ní Fagge ló sì ti ń pọnmi, kí èrò tó pọ̀ níbẹ̀.

Bùrọ̀dá Lékè, àbúrò bàbá mi, ló ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń ya fíìmù, tó sì ń fi mọ́tò gbé e kiri ìlú láti fi han àwọn èèyàn ní gbangba. Majigi ni àwọn Hausa ń pè é, ọmọ tó bá gbọ́ pé majigi ń bọ̀ kò ní í lè jẹun alẹ́. Mo fẹ́ràn Bùrọ̀dá yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Á máa kó gígékù fíìmù wá fún wa, a ó nà án sí oòrùn, a ó máa wo èèyàn kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ kì í pẹ́ tutù nítorí oòrùn náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Á bu òkèlè, á rí i tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ gba àárín ewé dógóyárò bọ́ sára ògiri, á ju òkèlè sílẹ̀, á di ojú kan: “Ìyàwó, ẹ wá wo nǹkan!” Màmá mi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Màmá á ní, “Ọkọ mi, ìmọ́lẹ̀ kì í yó èèyàn o. Ẹ jẹun.” Màmá jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó bá a nílé nígbà tó wọlé ọkọ, ọkọ ló jẹ́ fún un, kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè sí i. Ìyẹn ni àṣà wa, Kano tí a wà kò yí i padà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, owó epo rọ̀bì ń dún lórí rédíò, ìjọba sì ń ri páìpù omi kiri Sabon Gari. Wọ́n ri ẹ̀rọ kan sílé wa náà. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò yọ omi, ikọ́ ló ń wú: hò, hò, hò. Síbẹ̀, nígbà òjò tó kọjá, onígbáméjì ti jà ládùúgbò, ó mú ọmọ kan tí a jọ ń ta òkòtó lọ, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ilé. Ọ̀gá Bùrọ̀dá wá ní kí ó ya fíìmù tí yóò jẹ́ kí aráàlú fi omi garawa sílẹ̀, kí wọ́n kọjú sí omi ẹ̀rọ. Ọ̀gá ní kòkòrò àìsàn kò ṣeé rí, ohun tí èèyàn kò bá rí, kì í bẹ̀rù rẹ̀. “Wá ojú fún un.” Bùrọ̀dá ń sọ gbólóhùn yìí fún wa lórí oúnjẹ, ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ẹni tó rí nǹkan he lójú ọ̀nà. Ojú ta ni yóò wá? Màlámù Sání wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn yọ lẹ́yìn rẹ̀, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ ṣaṣa, Bùrọ̀dá sì pàtẹ́wọ́. Ó ti rí ojú. Nígbà tó bẹ Màlámù pé kó wá bá òun ṣeré nínú fíìmù, ńṣe ni Màlámù ń rẹ́rìn-ín pé àwọn ìyàwó òun kò ní í gbà á gbọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ya fíìmù náà, ilé wa kún bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n fa aṣọ Màlámù ya. Bùrọ̀dá fúnra rẹ̀ po ẹrẹ̀, ó fi ra àwọn garawa tó ń dán yẹn. Màlámù wo ẹrẹ̀ náà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà bí ẹni tó ń bu omi ibẹ̀. Bùrọ̀dá dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, ó dúró de oòrùn ìrọ̀lẹ́, kí òjìji Màlámù lè gùn dé ẹnu ọ̀nà ilé ibi tí ọmọdé kan jókòó sí. Èmi ni ọmọdé náà. Lẹ́yìn náà ló kan Màmá, wọ́n fi àtíkè sí i lójú, wọ́n ní kó dúró síbi ẹ̀rọ, kó pọn omi, kó mu ún, kó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ oníkọ́ yẹn? Bùrọ̀dá ti gbé dírọ́ọ̀mù kan sórí òrùlé, ó fa róbà láti inú rẹ̀ gba ẹ̀yìn ògiri wá sẹ́nu ẹ̀rọ. Màlámù Sání ló sì pọn omi kún dírọ́ọ̀mù náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Omi tó ń dán nínú fíìmù, tí Màmá mu tó sì rẹ́rìn-ín, omi Màlámù ni. Gbogbo wa la rí i, kò sì sí ẹnì kankan tó rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Eré ni, àbí?

Wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní pápá kan lẹ́yìn Ọjà Sabon Gari, kété tí wọ́n kírun alẹ́ tán. Màlámù wọ babban riga rẹ̀, agbádá ńlá àwọn Hausa, ó kó ìyàwó àti ọmọ wá, wọ́n fún un ní àga níwájú bí àlejò pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: fíìmù náà dára. Mo ti wo fíìmù ìjọba tó pọ̀ láti ìgbà náà, tiwa àti ti ìlú òyìnbó, àwọn tí wọ́n fi ń polongo ogun àtàwọn tí wọ́n fi ń polongo ọba burúkú, mi ò tíì rí èyí tó mú mi lọ́kàn bíi tiwa. Màmá rẹwà nínú rẹ̀ débi pé èmi ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí i. Àfi ìgbà tí òjìji gígùn yẹn yọ, tó ń wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀, tí ojú Màlámù wá kún gbogbo aṣọ funfun náà pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára garawa. Fíìmù náà kò lóhùn tirẹ̀. Bùrọ̀dá ló ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ ọ̀rọ̀ sí i, ní Hausa, lẹ́yìn náà ní Yorùbá. Ó ní, “Ẹ wò ó! Ikú ló ń bọ̀ yẹn, ó ru garawa!” Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n ń fa ọmọ wọn mọ́ra. Ọmọdé kan ké, ẹnì kan ju òkò lu aṣọ náà. Màlámù ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyá kan tó jókòó nítòsí rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀, tó sún jìnnà sí i.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni nǹkan ti yí padà. Màlámù ké “ga ruwa” títí, géètì kì í ṣí. Àwọn ọmọ àdúgbò ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń pè é ní “mai cuta”, oní-àìsàn. Ó ń dúró, ó ń ṣàlàyé fún wọn pé, “Wasa ne, eré ni, ẹ bi Lékè.” Ta ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n ti fi ojú ara wọn rí i. Ọkùnrin kan ní òpópónà wa, oníbàǹtẹ́ játijàti kan tí mi ò ní í dárúkọ, fi ẹsẹ̀ ta garawa rẹ̀ dànù, omi ṣàn lọ. Ilé wa nìkan ló kù tó ń rà, ilé kan ò sì lè bọ́ ìyàwó méjì àti ọmọ. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Àwa ọmọ wá ń fi ọrùn ara wa ru omi láti ọ̀nà jíjìn, ọrùn ń ro wá. Ìròyìn kàn wá pé Màlámù ti ń di ẹrù, ó fẹ́ padà sí abúlé bàbá rẹ̀, níbi tí ọ̀dá ti jẹ oko tán. Bùrọ̀dá ní tirẹ̀, wọ́n ń yìn ín lọ́fíìsì. Ọ̀gá ní irú ọwọ́ báyẹn ṣọ̀wọ́n, ó ń sọ̀rọ̀ pé òun yóò rán an lọ kọ́ṣẹ́ sí i nílùú òyìnbó.

Ìyá Àgbà kò pariwo. Ó kàn kọ̀ láti bá Bùrọ̀dá sọ̀rọ̀, èyí sì burú ju ariwo lọ. Tí Bùrọ̀dá bá dọ̀bálẹ̀ kí i, á máa wo ẹ̀wà tó ń ṣà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, a ń jẹ iyán lọ́wọ́, Bùrọ̀dá kò lè fara dà á mọ́. “Ìyá, kí ni mo ṣe?” Ìyá Àgbà nu ọwọ́. “Lékè, ta ló pọn omi tí ìyàwó rẹ mu nínú sinimá rẹ?” “Màlámù ni, Ìyá.” “Ṣé ó pa á?” Bùrọ̀dá gbé iyán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ìyá, ẹ gbọ́ tèmi ná. Àwọn èèyàn ti ń se omi kí wọ́n tó mu ún báyìí. Tí ọmọ ẹnì kan kò bá kú lọ́dún yìí nítorí fíìmù yẹn ńkọ́? Ẹnì kan ló ń jìyà, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn ló máa yè.” “Ta ló yan ẹnì kan náà?” Bùrọ̀dá nawọ́ gbé ife omi. Ìyá Àgbà tún bi í: “Mo ní ta ló yàn án?” “Òun náà gbà láti ṣe é, Ìyá!” “Ó gbà láti ṣeré. Ìwọ lo mú eré, o pè é ní òótọ́. O ò mọ̀ pé o lè sọ pé kí wọ́n se omi, kí o má pe èèyàn níkú?” Òun tí mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn Bùrọ̀dá ju gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Màmá mi wá kúnlẹ̀. Mi ò rí i rí kó dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. “Ọkọ mi, ẹ foríjì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Fíìmù yẹn dùn mọ́ mi. Mi ò rẹwà báyẹn rí láyé mi, mo sì ń rántí rẹ̀ tí mo bá ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè mí lọ́jà. Wọ́n ń bi mí pé ṣé omi ń ṣàn nílé wa bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, mò ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n má bàa tú yín fó. Ẹ ti sọ mí di òpùrọ́, ọkọ mi.” Bùrọ̀dá bojú. Ó sunkún bí ọmọdé, iyán tutù, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́ mọ́. Lónìí tí mo ti dàgbà, tí mo sì mọ̀ pé ẹ̀bùn lè wà lọ́wọ́ èèyàn kí ó má mọ ibi tó fi ń gún ẹlòmíì, mo ṣì ń rò ó pé àrà tó wà lọ́wọ́ Bùrọ̀dá gan-an ló dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀. Ká ní kò mọ iṣẹ́ ni, ta ni ì bá gbà á gbọ́?

Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí Fagge láti bẹ Màlámù, mo sì tẹ̀ lé wọn. Ẹrù wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, wọ́n ti fi okùn dì í. Bùrọ̀dá dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì rẹ̀. Màlámù ní, “Dìde, Lékè, mo ti dárí jì ọ́. Wallahi, kò sí nínú mi mọ́.” Ìyá Àgbà ní kí ó má lọ. Màlámù rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mama, ìdáríjì kò lè ta omi. Ojú gbogbo ayé ni ọmọ yín ti pè mí níkú. Inú ilé ló ti wá ń pè mí lórúkọ gidi.” Ìyá Àgbà yíjú sí Bùrọ̀dá: “O gbọ́ àbí o ò gbọ́? Ẹnu tí ìgbín fi bú òòṣà, òun náà ni yóò fi wọ́lẹ̀ lọ síbi ojúbọ.” Bùrọ̀dá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Majigi ń padà bọ̀ sí pápá ẹ̀yìn ọjà lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀gá rẹ̀ sì ń kó àwọn àlejò ìjọba bọ̀ wá wò ó. Ó bẹ Màlámù pé kó wá pẹ̀lú garawa rẹ̀. Màlámù yíjú, ó ń tún okùn ẹrù rẹ̀ dì.

Ó wá. Ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí, omi wà nínú garawa rẹ̀, àyíká rẹ̀ ṣófo nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ ọn. Ọ̀gá àtàwọn àlejò jókòó níwájú. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, òjìji yẹn yọ, àwọn ọmọdé ti ń múra láti ké, mo sì ń gbọ́ bí èémí Bùrọ̀dá ṣe ń ṣe fàà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, “Ará Sabon Gari, ará Fagge, ọkùnrin tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe ikú. Màlámù Sání ni. Èmi Lékè ni mo fi ẹrẹ̀ ra garawa rẹ̀, èmi ni mo ní kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Kò bu omi gọ́tà rí.” Ó tún un sọ ní Hausa. Ariwo sọ. Àwòrán ti dé orí Màmá báyìí, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ẹ̀rọ. Bùrọ̀dá ní, “Omi tí ẹ rí yìí náà, Màlámù ló pọn ọ́n. Ẹ̀rọ wa gbẹ. Ẹ máa se omi yín, ì báà ṣe ti ẹ̀rọ, ì báà ṣe ti garawa, nítorí àìsàn kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ẹ má fi irọ́ mi pa ọmọlúàbí.”

Àwọn kan ń pariwo lé e lórí. Àwọn kan ní wọ́n ti fún un lówó láti yí ọ̀rọ̀ padà. Ìgbà náà ni Màmá dìde láàárín èrò. Ó rìn lọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ Màlámù, ó bu omi ife kan nínú garawa, ó gbé e wá síwájú aṣọ funfun náà. Ó dúró síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fíìmù bò ó, òun kan ń rẹ́rìn-ín lórí aṣọ, òun kan dúró níwájú rẹ̀, kò lo àtíkè, ẹ̀rù sì ń bà á hàn gbangba. Ó mu omi náà tán. Ó ní, “Ìyá Ẹ̀rọ nìyí. Omi Màlámù ni mò ń mu látọjọ́ tí mo ti délé ọkọ.” Arúgbó Hausa kan tó ń ta masa, àkàrà ìrẹsì wọn, nítòsí wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó na igbá rẹ̀: “Kawo in sha,” ìyẹn ni pé kí wọ́n gbé e wá kí òun mu. Màlámù gbé garawa rẹ̀, ó la àárín èrò kọjá wá síwájú, ó bu omi fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ife pọ̀ ju omi lọ. Ọ̀gá ti wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé gbogbo ìlú yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ilé kan kò rà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láé. Ṣùgbọ́n ó tú ẹrù rẹ̀, ó dúró sí Kano, ó fi omi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, a kò sì fi ọrùn ara wa ru omi mọ́. Àwa náà wá ń se omi wa, Ìyá Àgbà a máa ráhùn pé omi sísè kò dùn lẹ́nu, á sì mu ún. Bùrọ̀dá kò rí ìlú òyìnbó. Wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sí yàrá tí wọ́n ń kó àga sí, ó fara dà á fún ìgbà díẹ̀, ó wá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Inú mi bàjẹ́ nítorí rẹ̀ nígbà náà, mo rò pé ayé rẹ̀ ti parí. Ọmọdé ni mí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò sí Niger Street kan náà, ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ náà ló ti kọ́lé.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ tí Màlámù wá ya fọ́tò. Mo ti dàgbà, mo wá kí Bùrọ̀dá láti ilé ẹ̀kọ́ ni. Irùngbọ̀n Màlámù ti funfun. Bùrọ̀dá tó máa ń ti àwọn oníbàárà káàkiri bí ẹni ń to àga, tó ń gbé àgbọ̀n wọn sókè, tó ń yí wọn lórí síbi ìmọ́lẹ̀, kò fọwọ́ kan Màlámù. Ó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, ó fọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n yà yín?” Màlámù wo àga tó wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó tún dìde, ó tún pe àwọn ìyàwó rẹ̀ wá dúró ti òun, ó wá ní, “Yà wá báyìí.” Kò bọ́ sójú ìmọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Mo rí i tí Bùrọ̀dá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láti tún un ṣe. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó tẹ kámẹ́rà. Fọ́tò náà kò dára tó sinimá yẹn, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn, òun sì ni Màlámù gbé kọ́ sára ògiri ilé rẹ̀ ní Fagge títí ó fi kú.